Ẹni Tó Nàka Sílé Bàbá Nkírù

Àwọn kan wà ní àdúgbò Títírù níbí ní Pàràkú tí wọn kì í kí mi mọ́. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí mo fi máa lọ tán. Wọ́n ní èmi Jọmílójú, ọmọ Ṣábẹ̀, olùkọ́ ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ni mo kọ́ Ìyá Mùktárù ní ìkà. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni kí n tó dé, pé ìwé mi ló kó bá a. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Obìnrin tó ti gbé ohun kan mì láti kékeré, tó gbé e sínú títí tó fi di ìyá àgbà, èmi tí mo wá háyà yàrá nílé ẹ̀ ni mo wá kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́ ọ lóòótọ́, ǹ bá máa fi yangàn káàkiri Pàràkú. Òun ló kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín ná, kí ẹ tó gbèjà ẹnikẹ́ni. Sọ̀fíyátù lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Mùktárù ni gbogbo ọjà Arzẹ̀kẹ̀ ń pè é, torí Mùktárù ni àkọ́bí ẹ̀. Aṣọ ló ń tà: ańkárá, léèsì, àti básẹ̀n dídán yẹn tí àwọn àgbà ọkùnrin fi ń rán agbádá ọdún. Ṣùáíbù ọkọ ẹ̀ ti kú tipẹ́. Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ó jìn, ó sì fẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, bíi pé olóòlà tó kọ ọ́ ń bínú lọ́jọ́ náà. Bí oníbàárà láti Nàìjíríà bá ti rí ojú yẹn, inú ẹ̀ á dùn, á ní, "Màmá, ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín!" Ìyá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ojú mi ń sọ bẹ́ẹ̀." Mo ti gbọ́ ìdáhùn yẹn láìmọye ìgbà, mi ò sì ronú sí i rárá.

Ẹlẹ́nu ni pẹ̀lú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gún iyán nílé ẹ̀, ó wo inú odó, ó ní, "Madámù, ṣé ìyá ẹ mọ̀ pé ìwé nìkan lo kọ́?" Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí ọjà bá rọ̀, òun á jókòó sábẹ́ máńgòrò àgbàlá, á máa ká aṣọ. Èmi náà á jókòó tì í pẹ̀lú ìwé mi, màá máa múra ohun tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ló bi mí pé, "Kí lò ń kà tójú ẹ fi le báyẹn?"

Mo sọ fún un. Ogun Hítílà ni mo ń kà, bí wọ́n ṣe ń wá àwọn Júù láti ilé dé ilé ní Yúróòpù, tí wọ́n ń kó wọn lọ pa. Mo kà á dé ibi ọmọbìnrin kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, tí àwọn àgbẹ̀ kan fi pamọ́ sílé wọn. Wọ́n fún un lórúkọ tuntun, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àmì àgbélébùú bí ọmọ ìjọ Àgùdà, wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá bi í, àwọn ni ìyá àti bàbá ẹ̀. Ọmọ náà ò gbọdọ̀ sọ èdè ilé ẹ̀ rárá, kódà bó bá ń lálàá.

Mo ti ń retí kí Ìyá sọ pé kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Aṣọ tó ń ká ló dúró lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló fi ilé wọn hàn?" ló wí.

Mi ò kọ́kọ́ lóye.

"Àwọn tó ń wá wọn ò mọ ilé, Madámù. Àlejò ni wọ́n. Ẹnìkan ló máa nàka. Ta ni?"

Mo ní aládùúgbò kan ni, ìwé sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé wọ́n rí i mú?"

Mo ṣí ìwé síwá, mo ṣí i sẹ́yìn. Mo ní ìwé ò sọ.

Ó pòṣé. "Ìwé ọ̀lẹ," ló wí. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó sì wò mí tààrà. "Orúkọ mi ni Nkírù. Ọmọ Ìgbò ni mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Obìnrin tó kọ àbàjà, tó ń kírun márùn-ún, tó ń fi Yorùbá bú èèyàn tí gbogbo ọjà á máa rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ń ká aṣọ lọ, láìgbé ohùn sókè.

Mínà ni wọ́n ti bí i, lókè ọya ní Nàìjíríà. Emáńúẹ́lì bàbá ẹ̀, télọ̀ ni. Adáézè ni ìyá ẹ̀, Ikẹ́nnà ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin. Àwọn Yorùbá pọ̀ ládùúgbò wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àràmọ́tù, ọmọ Ọ̀yọ́, mùsùlùmí, òun ni ilé ẹ̀ fara kan tiwọn, ọgbà pòròpórò ọkà bàbà ló wà láàárín. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan sì wà tó ń ta aṣọ, Sàrúmì lorúkọ ẹ̀. Òun àti Emáńúẹ́lì jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Sàrúmì á ta aṣọ fún oníbàárà, Emáńúẹ́lì á rán an. Ilé wọn ló ti ń jẹun ọ̀sán. "Òun ló máa ń gbé mi jókòó sórí tábìlì ẹ̀rọ," Ìyá wí. "Á ní kí n kọrin fún òun."

Lọ́dún 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Ìgbò lókè ọya. Nígbà tí ó kan àdúgbò wọn, Emáńúẹ́lì ti ilẹ̀kùn iwájú níta kó lè dà bíi pé wọ́n ti sá lọ, ó wá gba ẹ̀yìn wọlé, òun, ìyàwó ẹ̀ àti Ikẹ́nnà sì lọ dákẹ́ sínú ilé ìdáná. Nkírù ò sí lọ́dọ̀ wọn. Ìyá ẹ̀ ti rán an láàárọ̀ kó lọ dá ajọ̀ padà fún Àràmọ́tù, Àràmọ́tù ò sì jẹ́ kó padà mọ́. Ojú ihò ọgbà pòròpórò yẹn ni ọmọ náà ti ń wo ilé wọn.

Àwọn jàǹdùkú dé. Wọ́n rí àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n bú, wọ́n ta ilẹ̀kùn nípàá, wọ́n sì kọjá lọ. Sàrúmì wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé okùn ìwọnṣọ kọ́rùn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

"Wọ́n ti kọjá, Madámù," Ìyá wí. "Wọ́n ti dé ìkóríta. Ó pè wọ́n padà. Ó wá na ìka sí ilé ìdáná."

Ó na ìka tiẹ̀ sí igi máńgòrò kí n lè rí bó ṣe nà án. Mi ò lè wo ìka yẹn.

Àràmọ́tù fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó gbé e, ó jù ú sínú àká tí wọ́n ń kó ọkà sí nínú àgbàlá. Ibẹ̀ ló sùn sí, ibẹ̀ ló jí sí, pẹ̀lú èérí ọkà nímú, kò sì gbọdọ̀ sín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn wà nílé Àràmọ́tù, gbogbo wọn ló kọlà, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀ wọ́n lójú. Bí ojú kan tí kò nílà bá ṣèèṣì yọ nínú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ni Àràmọ́tù bá ránṣẹ́ pe olóòlà, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀.

Olóòlà wo ọmọ náà, ó ní ó ti dàgbà jù, ọmọ ọwọ́ làwọn ń kọlà fún. Àràmọ́tù ní kó kọ ọ́. Bàbá náà ní omi ìgbín ńkọ́, òun làwọn fi ń tu ojú ilà lára. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìgbín ní Mínà? Òrí àti èédú ni wọ́n lò. Àràmọ́tù jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó ki ìborí ẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó wá sọ ọ́ sí i létí pé, "Bó bá di dandan kó o ké, ní Yorùbá ni kó o ké o."

Ìyá mú aṣọ mìíràn, ó ń ká a. Omijé ti ń bọ́ lójú mi. Ojú tiẹ̀ gbẹ.

Ó ní ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ tán ni wọ́n tó rí àṣìṣe tí wọ́n ṣe. Ta ló máa rí ọmọ ńlá tí ojú ilà ṣì tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, lásìkò yẹn, tí kò ní mọ̀? Ilà náà gan-an ni ìbá tú wọn fó. Ni wọ́n bá tún dá a padà sínú àká títí yóò fi jiná. Èérí ọkà wọ ojú egbò, ó kẹ̀, ó wú, ó fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àbàjà ẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Àràmọ́tù ń gbé oúnjẹ wá fún un, ó ń kọ́ ọ ní Yorùbá láti ẹnu ihò àká: bí wọ́n ṣe ń kí ìyá láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń kírun, orúkọ ẹ̀ tuntun. Bó bá dáhùn sí Nkírù, kò ní rí ẹ̀kọ jẹ títí tó fi máa gbàgbé láti dáhùn.

Nígbà tó jiná, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlọrin. Bàbá Hausa kan tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní ibùdókọ̀ di ọmọ náà mú ní àgbọ̀n, ó yí ojú ẹ̀ síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Àràmọ́tù ní ọkàn òun ti kúrò lára. Bàbá náà tú u sílẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ó ní kí wọ́n wọlé. Láti Ìlọrin, mọ́tò akẹ́rù gbé wọn kọjá ẹnubodè, ó gba ìlú Níkì wá sí Pàràkú níbí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Àràmọ́tù tó ń ṣòwò. Kò padà mọ́. Àràmọ́tù ránṣẹ́ wá àwọn èèyàn ẹ̀ nílẹ̀ Ìgbò títí tó fi kú, kò rí ẹnì kan tó gbọ́ orúkọ wọn rí.

"Sàrúmì ńkọ́?" ni mo bi í. "Ẹ ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí?"

"Ó wà níbí," ló wí. "Ẹ jọ kí ara yín lánàá. Bàbá Hàníyyà ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Títírù á mọ Bàbá Hàníyyà. Bàbá tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tó ń fún àwọn ọmọdé ní bisikíìtì, tí gbogbo èèyàn ń kúnlẹ̀ kí. Hàníyyà ọmọ ẹ̀ lọ́kọ níbí, ó sì ń tajà ní Arzẹ̀kẹ̀. Òun ló lọ gbé bàbá ẹ̀ wá láti Nàìjíríà nígbà tí ogbó dé. Bàbá náà wá ra aṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Mùktárù, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn ayé àtijọ́: òun ta aṣọ ní Mínà, òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn bí ti ọba, òun tiẹ̀ ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ télọ̀, Ìgbò ni, rògbòdìyàn ló gbé e lọ. Ó wo ojú Ìyá, ó rí àbàjà, ó ń pè é ní ọmọ ìyá òun. Ìyá bu omi fún un mu.

Mo ti dìde, mo ń wá bàtà mi. Mo ní mo fẹ́ lọ bá a níbẹ̀ nísinsìnyí, kí n lọ já agbádá ọrùn ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìyá ní kí n jókòó. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lórí ẹpọ̀n," ló wí. Èmi Kìrìsìtẹ́nì, olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo fi bàtà sílẹ̀, mo jókòó.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Bàbá náà ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí. Kí mùsùlùmí tó gbéra lọ sí Mẹ́kà, ó gbọ́dọ̀ kó ará, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò jọ, kó bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n foríjì òun. "Ọlọ́run lè fojú fo èyí tó o ṣẹ̀ Ẹ́," Ìyá wí. "Èyí tó o ṣẹ̀ ọmọ aráyé, ọmọ aráyé ló ni í. Bí kò bá foríjì ọ́, wàá gbé e dé Mẹ́kà, wàá sì gbé e bọ̀." Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé Hàníyyà ń ṣètò ìrìnàjò náà ló ti ń dúró. Ó ń fún bàbá náà ní àga, ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná ránṣẹ́ sí i, ó ń béèrè ara ẹ̀ lójoojúmọ́. "Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni," ló wí, "kó má baà kú." Ohun tó fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kí Sàrúmì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó ṣe, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, kó sì dárúkọ àwọn tó pa.

Ọjọ́ pé. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni, ní àgbàlá ilé Hàníyyà. Wọ́n ta tapólì, wọ́n tẹ́ ẹní, àwọn ọkùnrin ní ọ̀tún, àwa obìnrin ní òsì. Lálẹ́ àná ẹ̀ ni Ìyá ti sọ ohun gbogbo fún Mùktárù. Mùktárù ní òun á lọ na bàbá náà, Ìyá ní bó bá fọwọ́ kàn án, kó má pe òun níyàá mọ́. Ìyá àti èmi la jọ jókòó síwájú láàárín àwọn obìnrin. Ó wọ aṣọ funfun báláú bí ẹni tó ń lọ sí ìsọmọlórúkọ.

Lèmọ́mù gbàdúrà. Sàrúmì dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "ọ̀nà ilé Ọlọ́run jìn, mi ò sì mọ̀ bóyá màá padà. Ohun tí mo bá fi ẹnu ṣẹ̀ yín, tàbí tí mo fọwọ́ ṣẹ̀ yín, èyí tí mo mọ̀ àtèyí tí mi ò mọ̀, ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"A ti foríjì yín," ni gbogbo àgbàlá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe àmín. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń na ọwọ́ sí abọ́ oúnjẹ.

"Èmi ò tíì foríjì yín, Bàbá," Ìyá Mùktárù wí.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìyá Mùktárù, ẹ ṣe ń dẹ́rù ba bàbá? Ṣé wọ́n bú aṣọ yín ni?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Ọmọ ìyá mi," ló wí, "kí ni mo ṣe?"

"Télọ̀ tí ẹ jọ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ní Mínà, ẹ dárúkọ ẹ̀."

"Télọ̀ wo?"

"Ọ̀rẹ́ yín tí rògbòdìyàn gbé lọ. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé."

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," Ìyá wí, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Emáńúẹ́lì ni. Èmi ni Nkírù ọmọ ẹ̀, tí ẹ máa ń gbé jókòó sórí tábìlì ẹ̀rọ."

Ẹ wo bàbá yìí. Kò wo ojú Ìyá rárá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló ń wò, àbàjà yẹn, bíi pé ibẹ̀ ni ìdájọ́ wà. Ó wá yíjú sí àwọn ọkùnrin. "Irọ́ ni," ló wí. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ Ìgbò wo ló ń kọ àbàjà?" Àwọn kan mi orí. Lóòótọ́, ojú ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Àràmọ́tù ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi," Ìyá wí. "Ṣé ẹ rántí Àràmọ́tù? Ẹ wá sílé ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ bi í bóyá ó rí ọmọ obìnrin kékeré kan. Ẹ ní ọ̀kan ṣẹ́kù. Inú àká ni mo wà, Bàbá. Mò ń gbọ́ ohùn yín."

Ìyá ò sọ èyí fún mi rí. Bàbá náà ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó fìdí jókòó láìwo àga, Mùktárù fúnra ẹ̀ ló gbá a mú tí kò fi ṣubú.

Hàníyyà sáré wá, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Bàbá mi ti dàgbà."

"Bàbá tèmi ò ráyè dàgbà," Ìyá wí.

Lèmọ́mù dá sí i. Ó ní, "Sọ̀fíyátù, Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni tó bá ń foríjini."

"Mo mọ̀, Lèmọ́mù. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ èèyàn, èèyàn ló ni í. Àbí ẹ ti yí i padà lónìí?"

Lèmọ́mù wolẹ̀. Kò yí i padà.

Sàrúmì wá sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí," ló wí. "Mo rò pé wọ́n á ní mo fi Ìgbò pamọ́."

"Wọ́n ti kọjá, Bàbá."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Wọ́n ti kọjá. Wọ́n ti dé ìkóríta. Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n padà. Ewo ni ẹ̀rù níbẹ̀?"

Oúnjẹ ń tutù nínú abọ́. Nígbà tí bàbá náà máa sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà jẹ́ ti òun. Ó ní oníbàárà ń pọ̀ sí i, ààyè ò sì gbà wọ́n mọ́. Ó ní òun pè wọ́n padà, òun sì na ìka sí ilé ìdáná.

"Ta ni wọ́n bá níbẹ̀?"

"Emáńúẹ́lì. Ìyàwó ẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin."

"Wọ́n lórúkọ."

"Adáézè," ló wí. "Ikẹ́nnà." Ó ti rántí gbogbo ẹ̀. Kò gbàgbé nǹkan kan rí, òpùrọ́ àgbà.

Ó wá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, àgbàlagbà yẹn, sórí ẹní. "Mo ti sọ ọ́," ló wí. "Nítorí Ọlọ́run, Ìyá Mùktárù, ẹ foríjì mí."

Gbogbo wa ń wo Ìyá. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí, èmi náà ń wo fíìmù Nàìjíríà. Wọ́n ń retí kó bú sẹ́kún, kó gbé bàbá dìde, kí wọ́n dì mọ́ra, kí gbogbo wa sì jẹun.

"Mo ti gbọ́," Ìyá wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mi ò foríjì yín."

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó tún ìborí ẹ̀ ṣe, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. A gun sẹ́mí kan ṣoṣo, àwa méjèèjì lẹ́yìn ọlọ́kadà bí ọmọge, ó gbé wa délé. Ó gún iyán fúnra ẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní láti Mínà ni oúnjẹ ò ti wọ òun lára tó báyìí.

Sàrúmì ò lọ sí Mẹ́kà. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ wa. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ lọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kútọnu láti lọ wọkọ̀ òfuurufú, wọ́n wá ké sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sí yàrá, kò dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Arzẹ̀kẹ̀.

Á wá láàárọ̀, Hàníyyà á fà á lọ́wọ́ wá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá á kí i dáadáa, á gbé àga fún un. Bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, Ìyá á tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ tó ń ra aṣọ, á ní, "Àwọn yìí ò tíì gbọ́, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ fún wọn." Á sì sọ ọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ti sọ ọ́ fún àwọn obìnrin Dẹ́ńdì, fún àwọn Bàrìbá tó ń gbẹ́rù, fún ìyàwó kọmísọ́nà, fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo kó wá lọ́jọ́ kan. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń tajà ní ìlà àwọn aláṣọ tí kò mọ Emáńúẹ́lì télọ̀ àti Adáézè àti Ikẹ́nnà. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ wọn rí, tí kò sí ibojì wọn níbì kankan, ẹnu ẹni tó pa wọ́n ni wọ́n ti ń jáde lójoojúmọ́.

Ohun tí wọ́n ń bínú sí mi lé lórí nìyẹn. Lèmọ́mù ti ránṣẹ́, àwọn ìyá ọjà ti bẹ̀bẹ̀, Hàníyyà ti sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú, ojú sì ń tì mí fún òun, torí òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, pé bàbá ti jẹ̀yà. Ìyà wo? Wọ́n fún un ní àga. Wọ́n ń kí i. Ó ń padà sílé lọ bá ọmọ ẹ̀.

Mo bi Ìyá léèrè ṣá, lẹ́ẹ̀kan, bóyá ọjọ́ kan á wà tó máa foríjì í. Ó ní bó bá jẹ́ òun nìkan ni, ó ṣeé ṣe. "Ṣùgbọ́n ta ló fún mi ní ti Ikẹ́nnà?" ló wí. "Ikẹ́nnà ò sọ fún mi pé òun ti foríjì í."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àwọn obìnrin Ìgbò méjì wọlé, àwọn tó ń ta bàtà lápá ibùdókọ̀. Wọ́n fẹ́ ra ańkárá. Sàrúmì ti jókòó sórí àga ẹ̀. Ìyá wo àwọn obìnrin náà, ó wo Sàrúmì. Ó ní, "Bàbá, àwọn yìí gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún."

Bàbá náà mi orí, ó ní òun ò lè sọ èyí. Ìyá ò fi ipá mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn aṣọ, ó ń wọ̀n ọ́n lọ. Bàbá náà wá sọ ọ́, gbogbo ẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ilé ìdáná, èmi ni mo ń túmọ̀ ẹ̀ sí Faransé fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èkejì dúró, ó ń pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ń pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n máa pè é ní Ìgbò, Ìyá sì dáwọ́ dúró lórí aṣọ, ó ń gbọ́.

Sàrúmì nu ojú ẹ̀. "Ìyá Mùktárù," ló wí, "ṣé ẹ ti foríjì mí?"

Ìyá fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ náà, ó ká a, ó kó o fún àwọn obìnrin náà, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

"Oòrùn ti ń mú, Bàbá," ló wí. "Ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà wá lọ́la."